Físà Jámánì ti jáde, oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i: báwo ni ti ìwé ìgbélùú olùṣèwádìí ṣe jẹ́?

ÌyáTèmi_Adó (Ajé, 7:42 àárọ̀)

Èkìtì kete! Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Olùkọ́ ni mí ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì Èkìtì wa yìí. Iṣu ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí, ohun tó ń mú un jẹrà nínú abà lẹ́yìn tí àgbẹ̀ bá ti wa á tán. Yunifásítì kan ní Jámánì ti fún mi ní iṣẹ́ postdoc (iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè dókítà) ọdún méjì. Kọ́ńtíráàtì ni o, kì í ṣe sìkọ́láṣíìpù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni físà mi jáde ní Èkó. Ìgbà tí mo ṣí pásípọ́ọ̀tù wò, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n kọ sí i. Iṣẹ́ ọdún méjì, físà oṣù mẹ́ta! Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà náà.

Mo gbé e lọ bá éjẹ́ǹtì kan lágbègbè Àjìlósùn. Ó ní kí n mú ₦450,000 wá, òun á bá mi fà á gùn kí n tó wọ bàálù. Ọkọ mi ní kí n má tíì yọ kọ́bọ̀, kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé wọ́n ń fa físà gùn láti Adó níbí? Tí mo bá dé ọ̀hún, ọ́fíìsì wo ni mo máa lọ? Ọkọ mi ńkọ́ (tíṣà ni, kò gbọ́ "ẹ kú àárọ̀" lédè Jámánì), àti àwọn ọmọ wa méjì?


ỌmọAjerò (Ajé, 8:05 àárọ̀)

Àǹtí, ẹ kú oríire o. Ẹ dá owó yín padà sápò. Kò sẹ́ni tó lè fa físà Jámánì gùn ní Àjìlósùn. Kódà kọ́ńsólétì wọn tó wà ní Walter Carrington l'Ékòó kò ní fà á gùn fún yín, torí kò sídìí fún un.

Físà D ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín. Wọ́n lè kọ oṣù mẹ́ta sí i, ó sì lè tó ọdún kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú yín wọ̀lú kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín. Ìwé ìgbélùú gan-an, ìlú tí ẹ bá ń gbé lẹ ti máa gbà á, lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Ausländerbehörde ni wọ́n ń pè é.

Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹ dé, ẹ rílé, ẹ lọ fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá kó wọlé. Anmeldung ni ìyẹn. Láìṣe é, nọ́ńbà owó-orí yín ò ní jáde, báńkì á máa wò yín bí ẹni tó sá wá, ọ́fíìsì àwọn àjèjì náà ò sì ní dá yín lóhùn. Tí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ béèrè fún ìwé ìgbélùú kí físà yín tó kú. €100 ni wọ́n ń gbà fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, ẹ wá fi wé ohun tí bọ̀ọ̀dá Àjìlósùn ní kí ẹ mú wá.


Dúdúyẹmí (Ajé, 8:11 àárọ̀)

"Kí físà yín tó kú" tí ỌmọAjerò kọ yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ní àwọn ìlú ńlá, ẹ lè béèrè pé kí wọ́n dá ọjọ́ fún yín lóṣù yìí, kí wọ́n sì sún un sí oṣù mẹ́ta sí i. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Tí ẹ bá ti béèrè nígbà tí físà ṣì wà láàyè, abala 81 nínú òfin ìgbélùú wọn sọ pé ẹ̀tọ́ tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ á máa bá a lọ títí wọn á fi dá yín lóhùn. Ìwé kan wà tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i, Fiktionsbescheinigung. Ẹ fẹnu ara yín béèrè rẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè, wọ́n lè máà rántí ẹ̀. Àmọ́ tí físà bá fi kú lánàá tí ẹ wá kọ̀wé lónìí, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn nìyẹn.

Ẹ tọ́jú ímeèlì tí ẹ̀rọ wọn bá dá padà fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ohun tó bá ti ní ọjọ́ lórí, ẹ̀rí ni.


Ìbídùn_Ìfàkì (Ajé, 8:30 àárọ̀)

Ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá o! N ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fo ibẹ̀ kọjá.

Onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀dọ̀ òun lẹ ń gbé lóòótọ́, kí wọ́n tó lè kọ orúkọ yín sílẹ̀. Àwọn kan wà tó ń fi yàrá háyà fún oṣù méjì mẹ́ta, tí wọ́n á sì ti kọ ọ́ sára ìpolówó pé kò sí Anmeldung. Bó ti wù kí yàrá yẹn dára tó, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó, kò wúlò fún yín. Ẹ bi yunifásítì yín bóyá wọ́n ní ilé àlejò fún àwọn olùṣèwádìí. Púpọ̀ nínú wọn ló ní, àmọ́ ó máa ń tètè kún.


Bàbá_Ẹ̀fọ̀n (Ajé, 9:02 àárọ̀)

Ìyá Tèmi, mo kí ọ kú oríire. Kí o tó máa wá ilé, ìgbà wo ni pásípọ́ọ̀tù rẹ máa kú?


ÌyáTèmi_Adó (Ajé, 9:20 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ó ku oṣù mẹ́rìnlá. Ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí ni?


Bàbá_Ẹ̀fọ̀n (Ajé, 9:26 àárọ̀)

Ó kàn án gan-an. Ìwé ìgbélùú kì í gùn ju pásípọ́ọ̀tù lọ. Kọ́ńtíráàtì lè jẹ́ ọdún méjì, tí pásípọ́ọ̀tù bá ku ọdún kan, ọdún kan ni wọ́n máa kọ sára káàdì, o ó sì tún padà lọ tò.


Tọ́pẹ́_Báṣírí (Ajé, 9:31 àárọ̀)

Ẹ sáré lọ tún un gbà ní ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù Adó lọ́sẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, olójú-ìwé 32 ti ọdún márùn-ún ti di ₦100,000, olójú-ìwé 64 ti ọdún mẹ́wàá sì ti di ₦200,000. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn. Ti ọdún mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ gbà.


Akọ̀wé_Ìkọ̀lé (Ajé, 10:14 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lọ síbì kankan o.

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ọ́fíìsì tó ń gbàlejò àwọn olùṣèwádìí ní yunifásítì kan ní Jámánì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìkọ̀lé sì ni mí. Ìmọ̀ràn Tọ́pẹ́ ì bá dára ká ní físà ò tíì jáde. Ní báyìí, inú pásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ ni físà lẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá gba tuntun, wọ́n á fagi lé ti àtijọ́, ẹ ó wá máa ṣàlàyé ara yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Tí ẹ bá ní láti fọwọ́ kàn án dandan, ẹ kọ̀wé sí kọ́ńsólétì ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ohun tí èmi máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni: maa fi èyí tó wà nílẹ̀ lọ, maa gba ìwé ìgbélùú tó bá máa fún mi, maa sì tún pásípọ́ọ̀tù ṣe lọ́hùn-ún. Nàìjíríà ní ẹ́ńbásì ní Berlin àti kọ́ńsólétì ní Frankfurt. Ẹ má jẹ́ kó ku oṣù kan o, torí ẹ ò lè mọ ìgbà tí tuntun máa jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀, torí mi ò tíì rí ẹni tó mẹ́nu kàn án. Dókítà, oríṣi físà wo ni wọ́n kọ fún yín? Ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀ lára físà yẹn, wọ́n á kọ abala òfin síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 18d, ti olùṣèwádìí nìyẹn. Tó bá jẹ́ 18g, Blue Card ni, ìwé ìgbélùú ti àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, owó-oṣù àti ìwé-ẹ̀rí ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn.


ÌyáTèmi_Adó (Ajé, 10:22 àárọ̀)

Mo ti wò ó. 18d ni.


Akọ̀wé_Ìkọ̀lé (Ajé, 11:05 àárọ̀)

Ó dáa. Ìwé tó gbé 18d dúró ni ìwé àdéhùn ìgbàlejò tí yunifásítì yín bá yín ṣe. Aufnahmevereinbarung ni Jámánì ń pè é, convention d'accueil ni ti Faransé. Orí ìlànà 2016/801 ti EU, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, tí wọ́n ṣe fún àwọn olùṣèwádìí àti akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè. Denmark àti Ireland kò sí nínú ìlànà yìí, kí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ má fi ohun tí mò ń sọ ṣe òdiwọ̀n.

Ìwé àdéhùn yìí kì í ṣe kọ́ńtíráàtì yín o. Kọ́ńtíráàtì ń sọ ohun tí wọ́n máa san. Àdéhùn ìgbàlejò ní láti dárúkọ iṣẹ́ ìwádìí náà, kó sọ pé ẹ̀yin máa ṣe é, kó sọ pé àwọn máa gbà yín sílé ṣe é, kó kọ bí iṣẹ́ náà ṣe tó àti owó-oṣù rẹ̀, kó sì ní gbólóhùn kan pé bí ìjọba ò bá fún yín ní ìwé ìgbélùú, àdéhùn ti tú nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ "ìwádìí nípa ọ̀gbìn" sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọjá lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó yá tí ọ̀gá yí iṣẹ́ padà, ẹni náà kò rí nǹkan kan dì mú.

18d jẹ́ kí ẹ ṣe ìwádìí ní ibi tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ sì máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Tí orí ọ̀rọ̀ ìwádìí bá yí díẹ̀ nígbà tí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ yín kò bọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó lọ sí yunifásítì mìíràn ńkọ́? Ẹ lọ sọ fún ọ́fíìsì àwọn àjèjì kí ẹ tó di ẹrù.

Kódà ẹ lè lọ ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè EU mìíràn tó wà nínú ìlànà náà fún bí 180 ọjọ́ láàárín 360 ọjọ́, láìgba ìwé ìgbélùú tuntun. Àwọn tó fẹ́ gbà yín lálejò lọ́hùn-ún lè ní láti fi tó ìjọba tiwọn létí ṣáájú. Àǹfààní ńlá ni, àwọn èèyàn wa kì í sábà lò ó.


ÌyáTèmi_Adó (Ajé, 12:40 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun gidi gan-an, Àǹtí. Mo ti ṣí PDF náà: orúkọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣu wà níbẹ̀, owó-oṣù wà níbẹ̀. Ara tù mí díẹ̀.

Éjẹ́ǹtì ti pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti já a wálẹ̀ sí ₦300,000, ó ní torí pé a jọ jẹ́ ọmọ Adó ni.

Ó wá ku ìbéèrè kan tó wúwo lọ́kàn mi. Iṣẹ́ yìí ò lè wáyé ní Jámánì nìkan, wọn ò gbin iṣu níbẹ̀. Nínú ètò wa, maa padà wá sí Èkìtì láti oṣù Kẹwàá tí wọ́n bá ti ń kó iṣu sínú abà títí di oṣù Karùn-ún, maa máa wọn iye tó ń jẹrà lóṣooṣù ní Ìlúpéjú, Ìṣẹ̀ àti Òmùò. Oṣù méje nìyẹn. Ṣé ìwé ìgbélùú máa ń dúró de èèyàn?


Dúdúyẹmí (Ajé, 12:52 ọ̀sán)

Háà! Kì í dúró o. Oṣù mẹ́fà.


ỌmọAjerò (Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Dúdúyẹmí ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n là á yé wọn. Abala 51 nínú òfin kan náà: tí ẹ bá jáde ní Jámánì tí ẹ ò padà wọlé láàárín oṣù mẹ́fà, ìwé ìgbélùú ti kú fúnra rẹ̀. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìkìlọ̀. Káàdì á ṣì máa dán lápò yín, ó ti di ike lásán. Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ ni ẹnu ọ̀nà ní Frankfurt.

Òfin yẹn náà ló fi àyè sílẹ̀ ṣá: ọ́fíìsì àwọn àjèjì lè fún yín ní àkókò tó ju oṣù mẹ́fà lọ, bí ẹ bá béèrè kí ẹ tó kúrò. Iṣẹ́ oko tó wà nínú ìwé ìwádìí yín, tí ọ̀gá yín fọwọ́ sí, ìdí gidi ni. Ẹ gbà á ní kíkọ. Ọ̀nà kejì, ẹ pín in: ẹ wá ní oṣù Kẹwàá, ẹ padà ní oṣù Kejì, ẹ tún wá ní oṣù Kẹta. Owó ọkọ̀ ló máa dùn yín.


Ṣadé_Ọ̀yẹ́ (Ajé, 2:03 ọ̀sán)

Ẹni tó bá ń lọ sí UK lórí Global Talent, físà tí wọ́n ń fún àwọn tó ta yọ nínú iṣẹ́ wọn, kò ní wàhálà yìí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí Royal Society, British Academy, Royal Academy of Engineering tàbí UKRI (àjọ ìjọba wọn tó ń náwó sí ìwádìí) bá fọwọ́ sí, ìgbà tí wọ́n bá fi ń ṣe ìwádìí lẹ́yìn odi kì í dí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá ìwé ìgbé-ayérayé, ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n sì lè fi béèrè fún un. Ibi tí UK ti ń gbẹ̀san ni owó. Owó ìlera wọn, IHS, £1,035 ni lọ́dún fún àgbàlagbà kan, £776 fún ọmọdé, wọ́n sì máa ń gba ti gbogbo ọdún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ fi ọkọ àti ọmọ méjì kún un kẹ́ ẹ wá rí i. Ẹ bi yunifásítì bóyá wọ́n á dá a padà, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ikọ́ ife náà wà ńbẹ̀, ilé ìwòsàn IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, lẹ ti máa ṣe é.

Káàdì BRP ti kásẹ̀ nílẹ̀ o, gbogbo rẹ̀ ti di eVisa. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé ìgbélùú wa wà báyìí. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dà á rú ní pápákọ̀, ẹ ti mọ ohun tó kù.


Ọ̀jẹ̀lú_Èkìtì (Ajé, 2:20 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ wa? Èkìtì tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n kú tán sí òkè òkun. Owó TETFund, àpò ìjọba tó ń rán olùkọ́ yunifásítì níwèé, kọ́ lẹ fi kàwé ni? Ẹ ò tọwọ́ bọ ìwé pé ẹ ó padà ni?


ÌyáTèmi_Adó (Ajé, 2:41 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà. Mi ò gba kọ́bọ̀ TETFund rí, owó ọkọ mi àti àjẹmọ́nú ni mo fi ṣe PhD. Yunifásítì mi fún mi láyè ọdún méjì ní kíkọ, iṣu Èkìtì náà ni mo sì ń lọ ṣiṣẹ́ lé lórí.


Alábòójútó (Ajé, 2:55 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ Ọ̀jẹ̀lú ní àyè tirẹ̀, ẹ ṣí ìjíròrò mìíràn fún un. Kí ẹni tó bá fi owó TETFund kàwé rántí ṣá pé àdéhùn ìpadàbọ̀ tó fọwọ́ sí ṣì ń dè é, físà tàbí ìwé ìgbélùú kankan kì í tú u. Ibi ìwé ìgbélùú ni ká wà níbí.


Fẹ́mi_ará_Faransé (Ajé, 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un fún àwọn tó ń ka èyí ní kọ̀rọ̀.

Físà gígùn tí Faransé ń fún olùṣèwádìí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìgbélùú, bí ẹ bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ dé. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé! Iṣẹ́ tó bá ju ọdún kan lọ, káàdì tó lè tó ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń fúnni. Ohun tó wù mí jù ni ti ẹbí: ọkọ tàbí aya àti ọmọ lè bá èèyàn dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé tiwọn sì gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́. Wọn ò ní láti dúró de ètò ìkójọ-ẹbí tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń tò lé lórí.


Kọ́lá_Tókyò (Ajé, 6:48 ìrọ̀lẹ́)

Japan ò le. Yunifásítì ló máa bá ẹ gba ìwé-ẹ̀rí ẹ̀tọ́ látọ̀dọ̀ ìjọba wọn kí o tó lọ gba físà ní Nàìjíríà. Ní pápákọ̀ Narita tàbí Haneda, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa tẹ káàdì ìgbélùú lé ẹ lọ́wọ́. O wá ní ọjọ́ 14 láti lọ kọ àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Tí o bá ń wálé fún ìgbà tí kò tó ọdún kan, fi àmì sí àpótí tó wà lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fúnni ní pápákọ̀. Àpótí kékeré báyìí. Ẹni tí kò bá sàmì sí i, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kú síbẹ̀.


ÌyáTèmi_Adó (Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀ tán lóru. Ó ní kí n bèèrè tòun: ṣé dandan ni kóun lọ kọ́ èdè Jámánì kóun sì ṣe ìdánwò kóun tó lè wá?


Akọ̀wé_Ìkọ̀lé (Ìṣẹ́gun, 8:33 àárọ̀)

Ẹ sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n fara balẹ̀. Ọkọ tàbí aya ẹni tó ní ìwé 18d kò nílò ìdánwò A1 (ìpele àkọ́kọ́ èdè Jámánì) kó tó dé. Àwọn tó fẹ́ olùṣèwádìí rí oore gbà níbi yìí. Ìwé tí wọ́n á fún wọn sì gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n kọ́ èdè náà ṣá o, torí tíṣà tí kò bá gbọ́ Jámánì kò ní ríṣẹ́ tíṣà.

Ibi tó ti máa ń pẹ́ ni ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí àwọn ọmọ. Jámánì kì í fi òǹtẹ̀ sí ìwé Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n lè ní kí wọ́n lọ wádìí ìwé náà níbi tó ti jáde, kí agbẹjọ́rò tí wọ́n fọkàn tán lọ bá àwọn tó kọ ọ́, kó ṣí ìwé ńlá wò, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó rẹ̀. Torí náà, níbo lẹ ti ṣègbéyàwó?


ÌyáTèmi_Adó (Ìṣẹ́gun, 8:50 àárọ̀)

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkéré ni, lẹ́yìn tí a ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àti ìdána. Pásítọ̀ fún wa ní sáàtífíkéètì.


Bàbá_Ẹ̀fọ̀n (Ìṣẹ́gun, 9:04 àárọ̀)

Sáàtífíkéètì wo? Èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ tẹ̀, tó ya òrùka méjì àti àdàbà sí, àbí ti ìjọba? Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí ẹkún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, Form E ló máa kọ fún yín lábẹ́ òfin ìgbéyàwó, ẹ̀dà rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Tí ti yín kì í bá ṣe Form E, ẹ lọ bá wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ kí ọkọ rẹ tó béèrè físà. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ kọ ọjọ́ èké sí i o. Ẹni tí wọ́n bá rán wá wádìí, ìwé ńlá yẹn gan-an ló máa ṣí.

Ní ti àwọn ọmọ, ìwé ìbí ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn, NPC, ni kẹ́ ẹ gbà. Ti ilé ìwòsàn nìkan ò tó.


ÌyáTèmi_Adó (Ìṣẹ́gun, 9:30 àárọ̀)

Mo ti lọ wo inú àpótí. Form E ni! Nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Wàhálà kan ṣoṣo ni pé "Temilọlá" ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí àkọ́bí wa, "Temilólúwa" ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀.


Ìbídùn_Ìfàkì (Ìṣẹ́gun, 9:37 àárọ̀)

Yé! Ẹ tún ìyẹn ṣe lónìí. Ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ gbé e padà lọ bá NPC. Ohun tó ń mú èèyàn dúró l'Ékòó jù nìyí, kì í ṣe owó.


Adéọlá_Ìwòròkò (Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán)

Èmi fẹ́ kí ẹ wo iwájú díẹ̀. Ẹ ní kọ́ńtíráàtì ni, kì í ṣe sìkọ́láṣíìpù. Ẹ dúpẹ́. Lórí kọ́ńtíráàtì, wọ́n á máa yọ owó ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì nínú owó-oṣù yín. Ẹ ó máa bínú sí i lóṣooṣù, mo mọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì yẹn ni wọ́n máa kà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ìwé ìgbé-ayérayé: abala 18c ní ọdún mẹ́ta lórí ìwé òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ tàbí ti olùṣèwádìí, pẹ̀lú oṣù 36 owó ìfẹ̀yìntì, àti èdè Jámánì tó tó B1 (ìpele kẹta). Àwọn tó wá lórí sìkọ́láṣíìpù kì í san án, nítorí náà ọdún wọn kì í kà níbẹ̀ bí tiyín, wọ́n sì ní láti fúnra wọn wá ìbánigbófò ìlera. Mo mọ àwọn méjì tí wọ́n jọ dé yàrá ìwádìí kan náà, tábìlì wọn kọjú síra: ọ̀kan ti gba ìwé ìgbé-ayérayé, èkejì ṣì ń tún tirẹ̀ ṣe lọ́dọọdún.

Tí kọ́ńtíráàtì bá parí tí wọn ò sì fi kún un, ìlànà 2016 yẹn ní kí wọ́n fún olùṣèwádìí ní oṣù mẹ́sàn-án ó kéré tán láti wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹ béèrè fún un kí káàdì tó kú, pẹ̀lú ẹ̀rí owó àti ìbánigbófò.


Tọ́pẹ́_Báṣírí (Ìṣẹ́gun, 1:22 ọ̀sán)

Ọdún méjì tiyín ò wá tó mẹ́ta nìyẹn. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọ̀gá yín.


Adéọlá_Ìwòròkò (Ìṣẹ́gun, 1:25 ọ̀sán)

Ẹ kọ ìwé ìwádìí tuntun pẹ̀lú rẹ̀ ni, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mú owó ìwádìí wá ni wọ́n ń fi kún tirẹ̀.


ÌyáTèmi_Adó (Ọjọ́rú, 5:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkọ mi ti dé láti NPC, wọ́n ti gba ìwé Tèmi láti tún un ṣe. Ọ̀la ni maa kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbàlejò yunifásítì ọ̀hún. Gẹ̀ẹ́sì ni maa fi ránṣẹ́, ohun tí maa sọ nìyí. Ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ti gba físà D mi, ó máa parí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo ń béèrè yàrá nínú ilé àlejò yín, èyí tí mo lè fi forúkọ sílẹ̀ ní ìlú. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá ọjọ́ ní ọ́fíìsì àwọn àjèjì kí físà tó parí. Iṣẹ́ oko mi ní Nàìjíríà máa gba nǹkan bí oṣù méje, ó ṣeé ṣe kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ lẹ́tà ọ̀gá mi láti fi béèrè àyè. Ọkọ mi àti ọmọ méjì máa tẹ̀ lé mi."


Akọ̀wé_Ìkọ̀lé (Ọjọ́rú, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Ó dára, Dókítà. Ẹ yọ "nǹkan bí" àti "ó ṣeé ṣe" kúrò. Ọ́fíìsì àwọn àjèjì kì í fọwọ́ sí "ó ṣeé ṣe", ọjọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa kúrò àti ọjọ́ tí ẹ máa padà, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i lẹ́yìn nítorí bàálù. Ẹ so àdéhùn ìgbàlejò, ojú-ìwé físà àti ojú-ìwé àkọ́kọ́ pásípọ́ọ̀tù mọ́ ọn, PDF kan ṣoṣo, ẹ má fi fọ́tò WhatsApp ránṣẹ́. Ẹ béèrè bákan náà bóyá ẹbí lè gbé ilé àlejò náà, tàbí ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá wà fún.


ÌyáTèmi_Adó (Ọjọ́rú, 6:41 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti yí i padà. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni mo kọ. PDF náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà, NEPA ló mú iná lọ. Tó bá ti dé báyìí, maa tẹ̀ ẹ́ lọ.